Ọ̀wọ́n Méjì: Èdè-Ìperí fún Àbójútó Ìjọba lórí Iye Owó àti Ìdíje nínú Ọjà Epo Pẹtiróò ní Festac Town

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'wọ́n' ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú èdè Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó ka èyí sí ìṣòro. Bí ìyálé ilé kan bá ti ọjà dé tí ó ní iṣu wọ́n, ẹni tí ó gbọ́ kì í bi í bóyá iṣu ni kò sí lórí àtẹ tàbí owó rẹ̀ ni ó ga. Kò nílò láti béèrè, nítorí pé nínú ọjà tí olùtà àti olùrà ti ń ná ohun títà láàárín ara wọn, àìtó ọjà ni ó máa ń bí gíga owó. Bí ọ̀kan bá ti dé, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Lóòótọ́ ni 'ṣọ̀wọ́n' wà fún ohun tí ènìyàn kì í sábà rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, 'ọ̀wọ́n', ni ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì jọ ń lò.

Epo pẹtiróò ni ó tú ìdì yìí ká. Ní ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà pé iye kan náà ni kí wọ́n máa ta lítà epo ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí epo wọ́n nígbà tí owó rẹ̀ kò yí padà nínú ìwé ìjọba. Nígbà tí ó di ọdún 2023, ó wá ṣeé ṣe kí ó wọ́n, kí ó sì wà ní gbogbo ilé epo. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti fi hàn pé ọ̀wọ́n méjì ni, pé òfin ti yà wọ́n sọ́tọ̀, àti pé bí èdè-ìperí kò bá yà wọ́n, oníbàárà kò ní mọ ohun tí yóò fi sùn tàbí àjọ tí yóò gbé ẹ̀sùn rẹ̀ tọ̀ lọ. 'Ọ̀wọ́n-ọjà' ni iṣẹ́ yìí dábàá fún àìtó ohun títà, 'ọ̀wọ́n-iye' sì ni fún gíga owó rẹ̀.

2.0 Ìlú tí epo yí ká

Festac Town yẹ fún irú àgbéyẹ̀wò yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tí ó wá síbi Àjọ̀dún Àgbáyé Kejì ti Iṣẹ́-Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú àti ti Áfíríkà, èyí tí ó wáyé láti 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977. Orí ìwé ni wọ́n ti fi rúlà yà á kí wọ́n tó kọ́ ọ: nọ́ńbà ni àwọn òpópó rẹ̀ ń jẹ́, lẹ́tà sì ni àwọn ojúlé tí ó ṣẹ́ wọ inú.

Ohun tí ó yí ìlú náà ká ni ó kan iṣẹ́ yìí jù. Ní òdìkejì títì márosẹ̀ Badagry, ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ní Satellite Town, lẹ́bàá omi, ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni to àwọn àgbá ńláńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo sí. Irú wọn wà ní Kírikíri pẹ̀lú. Ọkọ̀ táńkà tí ó ń lọ kó epo ní Àpápá àti ní àwọn ibùdó wọ̀nyí ni ó tò sí Mile 2 fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ará Festac kò fi lè jáde nílé ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà kan náà ni ọ̀pá epo tí ó ti Atlas Cove lọ sí Mosimi gbà kọjá. Ní 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, ìbúgbàù ńlá kan wáyé nítòsí ọ̀pá yìí ní Soba, Abúlé-Àdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ó pa ènìyàn, ó wó ilé, ó sì ba ilé-ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College jẹ́, níbi tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Arábìnrin Henrietta Alokha, ti kú bí ó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde.

Nínú ọjà àtọwọ́dọ́wọ́, ẹni tí ó bá sún mọ́ oko ni ó ń jẹ èrè ìtòsí. Ẹ̀fọ́ a máa rọ̀ létí odò ju àárín ìgboro lọ. Ní ti epo, ará Festac ní ewu ìtòsí, kò ní èrè rẹ̀. Òfin ni ó fà á, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀.

3.0 Ìdíyelé-àṣẹ

'Ìdíyelé' ti wà nínú èdè tipẹ́: ẹni tí ó dá iye lé nǹkan ni ó díyelé e. Olùtà á díyelé, olùrà á ná an, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá já sí ni ìdúnàádúrà. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tí ó ń díyelé epo pẹtiróò láyé ìgbà náà. Òfin epo rọ̀bì ti ọdún 1969 fún mínísítà ní agbára láti kéde iye tí wọn yóò máa ta epo nínú ìwé ìkéde ìjọba. Òfin ìkáwọ́ iye owó ti ọdún 1977 sì ka epo mọ́ àwọn ọjà tí ìjọba ń díyelé, bí iyọ̀, ṣúgà, mílíìkì àti ìṣáná. Ìdíyelé irú èyí, tí ó wá láti òkè, tí olùrà àti olùtà kàn ń gbọ́ lórí rédíò, ni ó yẹ kí ó máa jẹ́ 'ìdíyelé-àṣẹ', kí 'ìdíyelé-ọjà' sì wà fún èyí tí ó ti inú títà àti rírà jáde.

Àṣẹ yìí ni ó mú lítà epo dé kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1978, 20 kọ́bọ̀ ní ọdún 1982, àti 11 náírà ní ọdún 1994 lẹ́yìn tí ó ti jẹ́ 15 náírà fún ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ó fò láti 65 náírà dé 141. Ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú un padà sí 97 ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà. Gbogbo ìgbà wọ̀nyí ni ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé 'ìjọba fowó lé epo', òótọ́ ni wọ́n sì kọ. Ẹni tí ó fowó lé e ní orúkọ, ó ní ọ́fíìsì, ènìyàn sì lè wọ́de lọ bá a.

Kí iye kan náà tó lè dúró láti Festac dé Maiduguri, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀. Èyí ni ìjọba fi dá àpò ìdọ́gba owó epo sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀nà rẹ̀ kò jìn ń dá owó sínú àpò náà, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ń gbà níbẹ̀. 'Owó ìdọ́gba-ìrìnnà' ni orúkọ tí ó bá a mu. Èrè ìtòsí tí ará Festac kò rí, inú àpò yìí ni ó wọ̀. Ìjọba kò fi èyí pamọ́. Ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni wọ́n ní àwọn fi ṣe é, àríyànjiyàn nípa bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́ sì lè gba ìwé mìíràn. Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó gbilẹ̀ fún un, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà.

Idà kejì ẹ̀wẹ̀, 'owó ìrànwọ́ orí epo', ti gbilẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. 'Ìrànwọ́' ń mú ọkàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn tí ó ń kó epo wọlé ni owó náà ń bọ́ sí, láti dí àlàfo tí ó wà láàárín iye tí wọ́n rà á àti iye tí àṣẹ ní kí wọ́n tà á. Bí wọ́n bá ń pè é ní 'owó ìdí-àlàfo', ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ wá sí ètè oníbàárà ni pé ta ni ó wọn àlàfo náà. Ìbéèrè rere ni, kò sì sí ẹni tí ó rọrùn fún láti dáhùn.

4.0 Ibi tí ìdíje gbà lọ

Orúkọ pọ̀ lára àwọn ilé epo: Mobil, Total, Texaco, National, Unipetrol, AP. Àwọ̀ ògiri wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iye tí òfin kọ sí ara pọ́ǹpù wọn kò yàtọ̀ ní kọ́bọ̀ kan. Ẹni tí ó bá gbà pé ìdíje ni kí olùtà kan dín owó kí oníbàárà lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀ yóò sọ pé kò sí ìdíje níbẹ̀ rárá. Èrò yìí kò jinlẹ̀ tó. Ìdíje dà bí omi: bí wọ́n bá dí ojú kan, ojú mìíràn ni yóò gbà.

Àwọn ọlọ́jà Yorùbá mọ èyí. Nígbà tí ẹgbẹ́ alágbàdo bá ti fẹnu kò lórí iye kóńgò kan, inú èènì ni ìdíje ń wọ̀. Ìyá kan á bu kóńgò kún, á tún fi ọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e; oníbàárà kò ní gbàgbé ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kejì sì wà fún ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run: kí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú. Ìdíje ìsàlẹ̀ kóńgò àti ìdíje èènì, òṣùwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n ojú lè rí ìdí kóńgò, ọwọ́ lè tọ́ ọ wò. Inú ilẹ̀ ni epo ti ń jáde ní ilé epo, rọ́bà ni ó gbà, inú àgbá ọkọ̀ ni ó bọ́ sí. Ojú oníbàárà rí nọ́ńbà, kò rí epo. Èènì kò sì sí.

Nítorí náà, lábẹ́ ìdíyelé-àṣẹ, ojú mẹ́ta ni ìdíje tí wọ́n dí gbà jáde. Àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n, tí lítà 10 lórí pọ́ǹpù lè máà pé lítà 10. Èkejì ni ìlà. Ní àkókò ọ̀wọ́n-ọjà, iye tí ó wà lára pọ́ǹpù kì í yí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti òru tò sí ẹnu ọ̀nà ilé epo ti fi oorun àti iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ san ìyókù. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn ilé: àwọn ọ̀dọ́ a gbé kẹ́ẹ̀gì dúró létí títì márosẹ̀, wọn a máa ta epo kan náà ní iye tí ìdíyelé-ọjà fún un. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń pe àwọn wọ̀nyí ní ọ̀daràn, òfin sì wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Síbẹ̀, lójú onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, àwọn nìkan ni ó ń sọ iye epo gan-an ní gbangba lọ́jọ́ náà.

Títì tí ó kọjá níwájú Festac kò dúró ní Badagry. Ó dé Sẹ̀mẹ̀, ó sì wọ ilẹ̀ Benin. Nígbà tí iye epo ní Nàìjíríà kéré gan-an sí ti Kútọnu, epo ń bá títì yìí lọ. Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, inú ìgò ni wọ́n ń tà á sí létí ọ̀nà, 'kpayo' ni orúkọ rẹ̀. Ó yẹ fún àkíyèsí pé olùra kpayo ń fi ojú rẹ̀ rí òṣùwọ̀n ju ẹni tí ó wà ní ilé epo alárànbarà lọ. Ní oṣù Bélú ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de gbígbé epo lọ sí ilé epo tí kò ju kìlómítà 20 lọ sí ẹnubodè. Àlàfo iye ni ó fa fàyàwọ́. Àwọn ará ìlú ẹnubodè ni ọ̀wọ́n-ọjà náà já lé lórí.

5.0 Ìtúsílẹ̀ iye

Ìlànà pé kí ìjọba jáwọ́ nínú ìdíyelé ti wà lẹ́nu àwọn aláṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ṣẹ. Ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Abùjá tilẹ̀ dájọ́ ní 19 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Bámidélé Atúrú pè, pé ìlànà náà lòdì sí òfin, nígbà tí òfin 1969 àti ti 1977 ṣì wà nílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 16 oṣù Ògún ọdún 2021 ni ó yí ìpìlẹ̀ padà. Abala 205 rẹ̀ sọ pé ọjà ni kí ó máa díyelé epo. Ó pa àpò ìdọ́gba ti ọdún 1975 àti àjọ tí ó ń díyelé láti ọdún 2003 pọ̀ sínú àjọ tuntun kan, NMDPRA. Ní 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kéde pé owó ìdí-àlàfo ti tán. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo tí kò tó 200 náírà di 488 ní ilé epo NNPC ní Èkó.

Àwọn oníròyìn ní 'ìjọba yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ epo'. Gbólóhùn yìí ló ṣi ènìyàn lọ́nà jù nínú gbogbo èyí tí iṣẹ́ yìí yẹ̀wò. Iye ni òfin tú sílẹ̀, kò tú ọjà sílẹ̀. 'Ìtúsílẹ̀ iye' ni ó yẹ kí wọ́n máa wí. Àbójútó ṣì wà, ojúṣe rẹ̀ ni ó yàtọ̀: ẹni tí ó ń díyelé tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ó ń ṣọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń díyelé. Fún iṣẹ́ tuntun yìí, 'ìṣọ́jà' kò burú, níwọ̀n bí ìṣọ́ ti yàtọ̀ sí ìdarí.

Bí ará Festac kan bá ń bínú ní ilé epo lónìí, ohun tí ó ń bí i nínú lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Bí òṣùwọ̀n ni, ẹ̀sùn rẹ̀ jẹ́ ti NMDPRA, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè gbé agolo ìdánwò tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú wá, kí ó sì fi èdídì dí pọ́ǹpù tí ó bá ń jalè. Kẹ́ẹ̀gì tí oníbàárà gbé wá láti ilé kò lè ṣe ẹ̀rí, nítorí kì í ṣe òṣùwọ̀n tí òfin mọ̀. Bí ọ̀wọ́n-ọjà ni, tí ilé epo ní epo nínú ilẹ̀ tí ó kọ̀ láti tà á, ọ̀dọ̀ àjọ kan náà ni. Bí ìmọ̀ràn ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn olùtà ni, tàbí bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi títóbi rẹ̀ ni àwọn yòókù lára, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ni ó kàn, ní abala 59 àti 72, àjọ FCCPC sì ni yóò gbọ́ ọ. Abala 104 àti 105 òfin náà jẹ́ kí FCCPC lè dá sí ọ̀rọ̀ ìdíje bí ẹ̀ka iṣẹ́ kan tilẹ̀ ní alábòójútó tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro, òun náà sì ni ó wọ́pọ̀ jù: ọ̀wọ́n-iye lásán. Epo wà, òṣùwọ̀n pé, kò sí ìmọ̀ràn ìkọ̀kọ̀. Owó náà ni ó ga. Ṣáájú ọdún 2023, ẹni tí ó ta epo ju iye àṣẹ lọ ti rú òfin. Lónìí, kò rú u. Abala 127 òfin 2018 sọ̀rọ̀ nípa iye tí ó hàn gbangba pé kò tọ́, abala 88 sì fún ààrẹ láyè láti díyelé ọjà kan nítorí ìdíje, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tóóró ni méjèèjì. Olùgbé tí ó lọ sí ọ́fíìsì àjọ pẹ̀lú gbólóhùn 'epo wọ́n' nìkan yóò padà sílé pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ya ọ̀lẹ.

Ìtúsílẹ̀ iye pàápàá kò bí ìdíje lọ́gán. Títí di nǹkan bí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé NNPC nìkan ni ó ń kó epo pẹtiróò wọlé, ìlà gígùn sì tún yọ ní Èkó láàárín ọdún náà, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó yí padà. Ọ̀wọ́n méjèèjì pàdé ní ojúkò kan. Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ náà ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo pẹtiróò jáde. Ní òpin oṣù Èrèlé ọdún 2025, ilé ìfọpo náà dín iye tí ó ń ta lítà fún àwọn alágbàtà kù láti 890 náírà sí 825. Àwọn ilé epo MRS tí ó ń bá a tà á bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 860 ní Èkó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, NNPC náà wá sí 860. Fún ẹni tí ó ti dàgbà lábẹ́ ìdíyelé-àṣẹ, ohun àrà ni kí iye epo wálẹ̀ láìsí ìwọ́de. Ohun kan náà ni ó yẹ kí aṣọ́jà fi ojú méjì wò: olùtà tí ó lágbára láti mú iye gbogbo ọjà wálẹ̀ kò ṣaláì ní agbára láti gbé e gòkè.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti wá ọ̀nà ìṣọ́jà tiwọn. Ní Western Australia láti ọdún 2001, ilé epo gbọ́dọ̀ sọ iye tí yóò tà lọ́la fún ìjọba lónìí, kò sì gbọdọ̀ yí i padà fún wákàtí 24. Ní Jámánì, láti ọdún 2013, gbogbo ìyípadà iye ní ilé epo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kan lábẹ́ àjọ ìdíje, kí awakọ̀ lè mọ̀ ọ́n kí ó tó yà. Ghana gba ọ̀nà tí ó ṣàjèjì jù: iye ń yí lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ṣùgbọ́n ní oṣù Igbe ọdún 2024 àjọ NPA fi òpin-ìsàlẹ̀ iye lélẹ̀, tí olùtà kò gbọdọ̀ tà kéré sí. Nàìjíríà mọ òpin-òkè iye dunjú fún 50 ọdún. Pé ìjọba kan lè fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó ta epo ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ ni ó nílò àlàyé létí ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí àwọn olówó ńlá má ba à fi ẹ̀dínwó lé àwọn kéékèèké kúrò lọ́jà.

6.0 Ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀

Ọ̀rọ̀-ìperí kan ṣì kù tí kò rọrùn. Ohun tí abala 59 kà léèwọ̀ ni pé kí àwọn olùtà tí ó yẹ kí ó máa díje fẹnu kò lórí iye. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọlọ́jà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé Yorùbá, wọn kò sì fi bò. Ẹgbẹ́ a pàdé, ìyálọ́jà a wà níbẹ̀, iye kóńgò a jáde. Ẹni tí ó bá tà á kéré ni wọ́n ń bá wí. Bí èdè-ìperí bá pe ẹ̀ṣẹ̀ inú òfin ní 'ìfẹnukò lórí iye', yóò dà bí ẹni pé iṣẹ́ ọmọlúàbí ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ohun iyì ni ìfẹnukò. 'Ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀ lórí iye' ni iṣẹ́ yìí yàn. Gbogbo Yorùbá mọ̀ pé àwọn tí ó lẹ̀dí àpò pọ̀ kò fẹ́ kí ẹni kẹta gbọ́, ibi ìfarapamọ́ náà ni ó sì ya ìwà yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìpàdé ẹgbẹ́. A kò lè sọ pé òfin fi ìyàtọ̀ yìí ṣe nǹkan kan. Ìfẹnukò gbangba lè jẹ́ ẹ̀sùn bákan náà lójú rẹ̀. Níhìn-ín, èdè àti òfin kò tíì bára mu.

Bí ilé epo méjì lórí òpópó kan náà ní Festac bá jí lówùúrọ̀ kan tí iye tuntun kan náà wà lára pọ́ǹpù wọn, ará àdúgbò á ní wọ́n ti lẹ̀dí àpò pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ibùdó kan náà ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ni àwọn méjèèjì ti ra epo lánàá, tàbí pé ọ̀gá ọ̀kan kàn wo pátákó èkejì láti òdìkejì títì ni. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí, 'ìbádọ́gba iye', kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yà á kúrò lára ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀ kò sí lára pọ́ǹpù, inú ìwé ni ó wà: ìwé ìrajà láti ibùdó, lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìpè orí fóònù. Ìwé wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ àjọ gbọ́dọ̀ béèrè fún, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo wọn.